Ìdúró Ló Jó O

Fáànù mi ni mo gbé lọ bá bàbá kan tó ń tún waya kọ́ìlì fáànù wé ní Pápá Àjàó, ni ọmọbìnrin kan bá gbé mọ́tò iná kékeré kan, pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò, kalẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, mọ́tò orúnkún rọ́bọ́ọ̀tì wa ni. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, bí ajá. Ìrìn pọ̀ jù fún un, ló bá jó."

Bàbá yí i síbi ìmọ́lẹ̀. "Waya ẹ̀ pín sí mẹ́ta, ìdá kan ṣoṣo ló dúdú. Tó bá jẹ́ ìrìn ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá jó. Tí kò bá rìn, ṣé ẹ máa ń pa iná ẹ̀?"

"Rárá, sà. A máa ń fi í sílẹ̀ lórí ìdúró kí àlejò lè rí i. Orúnkún ẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé o rí i? Ó ń gbé ara ẹ̀, kò sì yí, ojú kan náà niná ń gbà. Ìdúró ló jó o, kì í ṣe ìrìn."

Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ ìdá tó dúdú náà. "Ó pẹ́ tá a ti ń tún ìrìn ẹ̀ ṣe. Bàbá, níbo lẹ ti mọ rọ́bọ́ọ̀tì?"

"Mi ò rí ọ̀kan rí. Fáànù tó fẹ́ yí tí kò lè yí ni mo mọ̀."

Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò tíì jókòó láti àárọ̀. Mo fa bẹ́ńṣì bàbá mọ́ra, mo jókòó.