Àgbàdo Ni Mo Wò, N Kò Wo Ìwé

"Màmá, nígbà tí ẹ lọ wo ilé-ìwé fún ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ wo àgbàdo, tí ẹ kò wo ìwé?" Sídónì, àbíkẹ́yìn mi, ló bi mí bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ òní. Bàbá rẹ̀ wolẹ̀. Ìyá Kétu, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ń bó ẹ̀pà tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, nítorí ọdún kẹrin rèé tí n kò tíì lè jẹ́wọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀.

Nígbà tí Àdùnní, àkọ́bí wa, parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí wa ní Akpakpa, ní Kútọnu níbí, ti kún débi pé mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn ọmọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. A pinnu pé kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá Kétu, ní ìlú kékeré kan lápá ọ̀nà Kétu tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba méjì. Mo wọ mọ́tò ní ọjà Dantokpa, mo lọ wò wọ́n fúnra mi. Ọ̀kan wà lẹ́bàá títì, wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní funfun, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìjọba ológun wa, tí ń pe ara rẹ̀ ní Ìyípadà, sí i gàdàgbà. Ẹ ò bá rí oko rẹ̀! Àgbàdo lọ salalu, ehoro kún inú àgò. Ọ̀gá ilé-ìwé ń pè mí ní "Kámáráàdì Màmá", ó mú mi wo àká wọn títí orí mi fi wú. Ṣé kì í ṣe ohun tí rédíò ń sọ fún wa lójoojúmọ́ nìyẹn, pé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ oko gbọ́dọ̀ máa lọ pọ̀? Èkejì wà lẹ́yìn oko igi tíìkì. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, oko rẹ̀ kò ju ebè gbágùúdá díẹ̀ lọ. N kò tilẹ̀ dúró mu omi níbẹ̀. Ìyá Kétu kàn bi mí pé ṣé mo gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kàwé. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, kí ni obìnrin tí kò mọ̀wé fẹ́ sọ fún mi?

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Àdùnní wọ ti ẹ̀bá títì tí mo gbọ́ pé Ìyá Kétu ti mú un kúrò níbẹ̀, ó ti mú un lọ sí ti ìdí tíìkì. Inú bí mi, mo wọ mọ́tò lọ bá a. Mo dúró sí àgbàlá rẹ̀, níṣojú àwọn aládùúgbò, mo ní, "Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ni yóò yan ilé-ìwé fún ọmọ mi?"

Kò bá mi jà. Ó wọlé, ó kó lẹ́tà jáde, àwọn tí mo ti ń kọ sí i kí Àdùnní tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èdè Faransé ni mo fi kọ wọ́n, nítorí nígbà náà n kò tíì lọ sí kíláàsì àgbà tí wọ́n ti kọ́ wa láti kọ èdè wa. Ó ní gbogbo ìgbà tí lẹ́tà bá dé, òun máa ń pe ọmọ kan láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kí ó kà á. Ti ẹ̀bá títì a kà á geere bí rédíò, ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ó sọ ọ́ ní Nàgó, Yorùbá tiwa, a máa wo àjà. Nígbà tí mo kọ̀wé pé ara Bàbá Àdùnní kò yá, ohun tí ọ̀kan nínú wọn sọ fún un ni pé mo ń béèrè àwọn adìẹ. Ti ìdí tíìkì a máa kọsẹ̀ nídìí kíkà, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹkún ni Ìyá Kétu sun. Àwọn náà ń roko, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni. Ti ẹ̀bá títì kì í fi ọkọ́ sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi ga.

Ó ní, "Ìyàwó mi, èyí tó mọ ohun tí o sọ ni mo fa ọmọ rẹ lé lọ́wọ́."

Mo padà sí Kútọnu láìsọ pé ẹ má bínú. Láti ìgbà náà, ó ń dáná fún ọmọ mi, ó ń fọ aṣọ kakí rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ mi dá a lóró rí. Ní ọ̀sẹ̀ yìí Àdùnní yege nínú BEPC, ìdánwò ìparí ọdún kẹrin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lónìí ni àwọn méjèèjì dé, tí ọmọ náà ka ìwé ìròyìn bàbá rẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ fún Ìyá Kétu ní Nàgó wa, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Mo sá lọ sí ilé ìdáná lọ nu ojú mi. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Kí ni n bá ti ṣe sí ayé ọmọ mi?

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ pe ọmọ kan, ẹ ní kí ó kàwé, kí ó sì sọ ohun tó kà fún yín. Kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ènìyàn ṣe ń kúnlẹ̀ bẹ ẹni tí kò sọ rí pé a ṣẹ òun? Ohun tí mo rò ni pé kí n fi èdè wa kọ ọ́ sílẹ̀, kí Àdùnní kà á fún un ní ìdájí, kí èmi náà wà níbẹ̀ lórí eékún mi. Èyí kò ní nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìyá Kétu ti tẹ́ ẹní sáàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Sídónì ṣì ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá wọn ti ń hanrun. Nísinsìnyí ohùn Sídónì ti dákẹ́, Àdùnní náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fetí sílẹ̀. Ìyá Kétu náà ti sùn. Mo fa bébà mìíràn sọ́dọ̀, kí n kọ tirẹ̀.