Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Orí Bàbà

Ọjọ́ tí mo gbé fáànù tó jóná lọ fún ọkùnrin tó ń ra bàbà àlòkù ní Ifọ̀ ni ìfẹ́ owó àtijọ́ kó sí mi lórí. Òun àti ìyá àgbà kan ń fa bàbà pẹlẹbẹ kan tó rí bí owó, tó já bọ́ nínú ìkòkò tí ìyá wá tà.

"Màmá, kò ra nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kó wọ orí ìwọ̀n."

"Ọkọ mi ló mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí. Ẹrù ìṣákọ́lẹ̀ àti ti owó orí ló rù. Mẹ̀kúnnù àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ nìyẹn. Ìjọba ni wọ́n fi ń bú."

"Òyìnbó náà ń sunkún owó orí? Wọn ò mú ẹni tó ṣe é?"

"Wọ́n tì í mọ́lé. Wọn ò rí bàbà tì mọ́lé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá yọ́ ọ, á dákẹ́."

"Ìdí tí o ò fi ní yọ́ ọ nìyẹn, ọmọ mi." Ìyá gbà á, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Wọn ò rí bàbà tì mọ́lé. Gbólóhùn yẹn ni mo ń wí lẹ́nu títí mo fi délé ní Mowe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bàbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ìjọba wọn, èyí tó ti lé ní igba ọdún. Mẹ́rìndínlógún ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò tíì sí níbẹ̀.