Orúkọ Mi Nínú Ìkòkò Ẹfinrin

Ẹ bá mi yin Ẹni tó ni èémí! Mo ní ẹ bá mi yìn ín dáadáa, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, nítorí imú tí ẹ ń wò yìí, ó tó ọdún mẹ́rin tí kò jẹ́ kí n kọ orin kan parí nínú ìjọ yìí. Olúwa, ẹ ṣé o.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, Bùnmi ni mí. Ọmọ Ọ̀kà níbí ni mí, Ìkàrẹ́ ni mo wà nílé ọkọ, tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bo gbogbo orí òkè, wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá sín títí omi á máa dà lójú mi. Imú á dí, àyà á máa dún. Dókítà kan ní Ìkàrẹ́ yẹ̀ mí wò, ó ní ara mi ni kò gba eruku ọyẹ́. Ó fún mi lóògùn. Oògùn náà ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ, ṣùgbọ́n oorun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo sùn lọ níwájú kíláàsì lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ sáré lọ sọ fún ọ̀gá iléèwé pé Áńtí ti kú. Ọ̀gá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á kọ̀wé nípa mi.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé láti Afin. Wọ́n ní àwọn mọ ewé tó ń tú imú. Mo fura lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n dé ni àìsàn mi le sí i? Láràárọ̀ wọ́n á se ẹfinrin, wọ́n á ní kí n fi aṣọ borí kí n fa ooru rẹ̀ símú. Màá gbé ìkòkò wọ balùwẹ̀, màá tilẹ̀kùn, màá dà á nù, màá fi omi wọ́n ojú, màá jáde. Màá ní ó ti ń ṣe dáadáa, Màmá. Irọ́ ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí wọ́n bá ti ń se é, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú rẹ̀ ní èdè Afin. Mi ò gbọ́ èdè yẹn. Ọkọ mi pàápàá, Ìkàrẹ́ ló dàgbà sí, kò gbọ́ ju ìkíni lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo dá mọ̀: Olúbùnmi. Ẹ gbọ́ ná. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, "ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ àbísọ mi kò jáde lẹ́nu wọn rí. Kí ló wá gbé e dé inú ìkòkò?

Mo sọ fún ọkọ mi pé kó yan ọ̀kan, èmi tàbí ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun ò lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ni mo bá gbé fóònù sẹ́yìn ike gààrí nínú kíṣìnnì, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wọ mọ́tò wá sí Ọ̀kà lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e wá bá pásítọ̀ wa. Mo ti múra àdúrà iná sílẹ̀.

Pásítọ̀ gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Sístà, ohun tí a kò gbọ́ la fẹ́ gbàdúrà lé lórí yìí?" Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Díákónì, tí ẹ mọ̀ pé Afin ni wọ́n bí wọn sí. Ìyá gbé fóònù sétí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi gèlè nu ojú.

Wọ́n ní, "Bùnmi, Ọlọ́run ni ìyá yìí ń bá jà nítorí rẹ. Wọ́n ní, 'Ọlọ́run, Ṣadé kò rí èémí mí, o mú un lọ, mo sì gbà. Èyí tí o fi rọ́pò rẹ̀, má mú un. Bí mo bá ní ìyàwó mi, ìyàwó pọ̀ lójú rẹ. Olúbùnmi ni mò ń wí o, má ṣì mí gbọ́.'"

Ṣadé ni àbúrò ọkọ mi tó kú kí n tó wọlé wọn. Mi ò béèrè ohun tó pa á rí. Mo sunkún débi pé imú mi tún dí.

Mo padà sí Ìkàrẹ́, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti balùwẹ̀. Màmá ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fa ooru ẹfinrin, òórùn rẹ̀ á wà lára rẹ̀. Èmi, ọṣẹ nìkan ni mò ń rùn. Síbẹ̀ wọn ò dáwọ́ sísè dúró.

Mo kọ́kọ́ bi dókítà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí fa ooru náà. Ó ní kí n má gbé ojú sún mọ́ omi gbígbóná jù, kí n má mu ún, kí n sì tètè wá bí àyà bá fún. Ó pààrọ̀ oògùn mi sí èyí tí kì í kun ènìyàn lóorun. Mo ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀yin ará, ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo mí! Mo kọ́ kíláàsì mi dé òpin táàmù. Bóyá ewé ni, bóyá oògùn ni, mi ò mọ̀. Ẹni tó ni méjèèjì ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń fura sí ẹnìkan nínú ilé rẹ, mi ò ní kí o má ṣọ́ra. Èmi náà ṣì ń ṣí ìkòkò wò kí n tó borí. Ṣùgbọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ ná. Màmá mi nìyẹn níwájú, ẹ bá mi kí wọn. Wọ́n ti ń kọ́ mi lédè Afin díẹ̀díẹ̀. Ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó dárúkọ mi, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí Ìyá Díákónì kò túmọ̀ fún mi. Mo ti rò pé èpè ni. "Ọmọ mi" ni.