Ohùn Mi Tó Wà Nínú Rẹ́kọ́ọ̀dù Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀. Ohùn mi wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí àwọn tó gbọ́n nípa orin ń yìn káàkiri, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ọ, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ohùn ọ̀hún ló gba fèrè lẹ́nu ọkọ mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Lugbe ní Abuja là ń gbé. Saksofóònù ni ọkọ mi ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì fọn orin ìyìn, àwọn ìyá ìjọ á máa ju áńkáṣíìfù. Tọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà gbé e lọ. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn àgbà ìjọ ló lọ sin ín, wọ́n ní kí ọkọ mi mú ọkàn le, pé ọkùnrin kì í sunkún. Kò sì sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Baba Tọ́lá.

Lọ́dún kejì, wọ́n pè é kó wá fọn orin jáàsì ní gbọ̀ngàn kan ní Maitama, wọ́n á sì gbà á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù bó ṣe ń fọn ọ́n lójú èrò. Èmi aláṣejù! N kò bi í léèrè irú orin tó fẹ́ fọn. Mo kó àwọn ìyá ìjọ lọ, mo pe ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ní orin ìyìn ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́. Àfi bí ọkọ mi ṣe gbé fèrè sẹ́nu tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sí ìlù, kò sí orin tí èèyàn lè gbè. Ó ń lọgun, ó ń kérora, ó ń mí gúlegúle. Àwọn ìyá ìjọ fẹ́ pàtẹ́wọ́, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa pa á sí. Ọ̀gá mi yíjú sí mi, ó ní, "Madam, ṣé ara oga yìí yá ṣá?" Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn mi. Ni mo bá dìde, mo pariwo: "Baba Tọ́lá, ó tó! Ojú ń tì mí!"

Ó dákẹ́. Ó gbé fèrè sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Inú ọkọ̀ ló ti sọ fún mi pé, "Ẹkún ọmọ wa ni mò ń sun."

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, oníwèé ìròyìn kan ní ariwo lásán ni. Òmíràn ní iṣẹ́ ọpọlọ ni, pé ibi tó dùn jù ni ohùn obìnrin tó ké àti ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ó rò pé a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni! Ẹ wo ọ̀ràn! Àwọn èèyàn ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ń kí mi kú oríire.

Ọkọ mi kò fọn fèrè mọ́, títí kan ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Tọ́lá kú, èmi yí nílẹ̀, àwọn obìnrin dì mí mú, mo sunkún tẹ́rùn. Òun ò rí ibì kankan sun tirẹ̀ àfi gbọ̀ngàn yẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo fa àpótí fèrè jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nu eruku ara rẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní ó tó."

Ẹ gbà mí o. Ẹnu wo ni màá fi sọ fún un pé kò tíì tó?