Búlọ́ọ̀gì Ìyàwó Ilé

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdìmù, èmi àti obìnrin méjì la jọ jókòó sẹ́yìn: ìyàwó ilé kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àti àbúrò ọkọ rẹ̀ tí kò tíì pé ogójì, àmọ́ tó ń pàṣẹ fún un bí ìyá ọkọ.

"Ìyàwó, pa búlọ́ọ̀gì yẹn rẹ́ lónìí! Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìgàndò ti ń bi mí bóyá ilé wa lò ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ tèmi ni mò ń sọ, ẹ̀yin ọkọ mi. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń bá yín ṣe ìpàdé ẹbí láti ilé ìdáná. Kí n tó gbé oúnjẹ dé pálọ̀, ẹ ti ṣàdúrà ìparí."

"Ìyẹn ló wá gbé ẹ dórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Níbẹ̀, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í ní kí n lọ bomi wá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ikọ́ bò ó.

"Ìranù! Ìyàwó ṣá ni ẹ́, jàre."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, nílé ọkọ tiyín?"

Àbúrò ọkọ pòṣé, ó kọjú síta. Nígbà tí a fẹ́ dé Ìdìmù, ó sún mọ́ ìyàwó náà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀:

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí búlọ́ọ̀gì ná?"