Gbèsè Àmọ̀kẹ́

Ẹ̀yin jàmáà mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ni mo gbé wá lónìí. Bí a bá ṣẹ Ọlọ́hun tí a túúbá, yóò dárí jì wá. Ẹni tí a ṣẹ̀ ńkọ́? Àfi kí òun náà yọ̀ǹda. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ dáhùn kí n mọ̀ pé ẹ ò sùn!

Ẹ ń gbọ́ ọ nínú rédíò: àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Òyìnbó ní, “A ò tíì bí wa nígbà yẹn.” Mo ti gbọ́ èsì yẹn rí, lẹ́nu ọmọ ìlú wa.

Ní Ẹ̀pẹ́ ni, nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Háà, àárò ayé ìgbà yẹn ń sọ mí! Mọ́sáláṣí wa ò ní fáànù, atẹ́gùn ọ̀sà ló ń fẹ́ wa. Bí ẹnìkan bá kú, apẹja á fi àwọ̀n sílẹ̀ wá kírun sí i lára.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Lásísì ló kú. Mùdáṣírù àkọ́bí rẹ̀ dìde níwájú òkú bí a ti ń ṣe, ó ní, “Ẹni tí bàbá mi bá jẹ ní gbèsè, kó sọ ọ́.” Ẹ mọ̀ pé wọn kì í sábà dáhùn.

Ìyá Sẹ̀lífátù, arúgbó ẹ̀yìnkùlé wọn, dáhùn láàárín àwọn obìnrin: “Wọ́n jẹ wá ní èèyàn kan. Bàbá-ńlá yín ta Àmọ̀kẹ́, àbúrò ìyá ìyá mi, fún àwọn olówò ẹrú tó ń kó wọn sọdá òkun.”

“Ìyá, ṣé bàbá mi ló tà á ni? Wọn ò tíì bí i!”

“Oko àgbọn tí wọ́n fi owó rẹ̀ rà ńkọ́? Ta ló ń jẹ ẹ́?”

Lẹ́mọ̀mù ò ṣe kábárà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun, Mùdáṣírù ló ń wò. Òkú wà nílẹ̀, oòrùn ń wọ̀ lọ. Mùdáṣírù bá ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀.

“Ìdajì oko náà di tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda bàbá mi.”

“Mo yọ̀ǹda tèmi, ọmọ mi. Ti Àmọ̀kẹ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀.”

A kírun, a sin bàbá. Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò òkè òkun tó wọ Ẹ̀pẹ́ tí Mùdáṣírù ò bi pé, “Ẹ mọ ìdílé kankan tó ń dárúkọ Àmọ̀kẹ́?” Àwọn ará ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kò rí àwọn ọmọ Àmọ̀kẹ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ó wá wọn.

Àwa tó jogún èrè òwò ẹrú ńkọ́, funfun àti dúdú? Ọlọ́hun, fún wa lọ́kàn tó lè wá àwọn tí a jẹ ní gbèsè. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ iwájú Rẹ, lọ́jọ́ ìdájọ́, ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ rí wa. Àmín.