Ìkéde Kẹta

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n tó jókòó. Àgbà ti dé sí mi, ohùn mi kò lọ sókè mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹ mọ̀ pé láìpẹ́ ni Pásítọ̀ yóò ṣe ìkéde kẹta ìgbéyàwó Táyọ̀ àti Ẹ̀bùnolú. Ẹ kò sì gbàgbé ìkéde kejì. Ẹnìkan dìde láàrin wa, ó ní òun takò ó, nítorí Abúlé Ìsinmi ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí, ibi tí wọ́n kó àwọn adẹ́tẹ̀ lọ láyé àtijọ́. Dókítà ti wò wọ́n sàn tipẹ́. Ẹ̀bùnolú fúnra rẹ̀ kò ṣe àìsàn náà rí. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń kùn lórí bẹ́ǹṣì pé, "Ó tọ́, ó tọ́." Pásítọ̀ sì ti sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá tún dìde lónìí, òun kò ní so wọ́n pọ̀.

Mo gbàdúrà lé e lórí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo sì fẹ̀yìn ti àga mi. Mo ń rántí ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, tí àwa tí à ń kọ́ nípa òfin máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn oúnjẹ, tí a ó máa pariwo pé bí òfin bá ti lè sọ pé ẹnìkan kò ju ẹnìkan lọ, ó ti parí. Áà, ìgbà èwe! Òfin ti sọ ọ́ o. Ibi tí mo ti ń rò ó ni oorun ti gbé mi lọ.

Mo rí obìnrin kan níwájú mi. Màmá Dọ́káàsì ni, olóògbé tí ó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbí. Ará Abúlé Ìsinmi ni. Ẹ̀tẹ̀ ti jẹ ìka rẹ̀, òwú ni ó fi so òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ mọ́ ọrùn. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi. Lọ́jọ́ yìí, kò kúnlẹ̀. Ìka rẹ̀ pé, òrùka sì wà níbẹ̀.

"Lọ́yà, dìde, jẹ́ ká lọ."

"Níbo, Màmá?"

"Ṣé gbogbo ìwé tí o kà kò sọ ọ̀nà ibẹ̀ ni? Di ọwọ́ mi mú. Kì í ràn."

Ojú tì mí, mo dì í mú.

A sọ̀ kalẹ̀ síbi tí òkùnkùn ti gbóná bí inú ààrò. Mo rí àwọn tí ahọ́n wọn gùn dé ilẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́. "Àwọn òpùrọ́ tó ní atẹ́gùn abúlé wa ń pani," ni Màmá wí. Mo rí ọkùnrin kan tí ó ru ilẹ̀kùn irin tó pọ́n bí ẹ̀yinná. "Ó níyàwó nílé, ó ń gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé tọ ọ̀kan nínú wa nírọ̀lẹ́. Bí ó bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, á tutọ́ sílẹ̀." Mo rí ìjòyè tó ṣọgbà dí àwọn ará abúlé náà lọ́nà odò, ọgbà náà ti hù yí i ká, ó ń fà á tu, ó ń hù, ó ń fà á tu, ó ń hù, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, omi sì ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà níbi tí kò lè dé.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀. Bàbá Ìjọ wa àtijọ́ ni, ẹni tó kọ́ mi ní orin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó dúró níwájú bẹ́ǹṣì gígùn kan, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mo takò ó! Mo takò ó!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!"

"N kò lè jókòó, ọmọ mi! Ẹnu mi kò pa dé! Mo takò ó! Bá mi sọ fún wọn nílé... Mo takò ó!"

Màmá ní, "Òun ló dìde nígbà ìkéde tèmi. A kò rí ṣọ́ọ̀ṣì so wá pọ̀. Wáyà ni ọkọ mi fi rọ òrùka yìí."

"Ẹ dárí jì í, Màmá."

"Mo ti dárí jì í kí n tó kú. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni kò tíì kún."

Mo wo bẹ́ǹṣì náà dáadáa. Ará mi, bẹ́ǹṣì wa ni! Èyí tí mo dúró tì yìí!

"Ta ló ni àyè tó ṣófo yẹn?"

"Ẹni tó bá dìde. Àti ẹni tó bá jókòó, tó ń kùn pé ó tọ́."

Mo sá, mo ń pe Jésù. Nígbà tí mo gbójú sókè, a ti wà níbi tútù kan, koríko ni ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn jókòó yíká tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọkọ Màmá dìde wá dúró tì í. Ohùn kan béèrè láti òkè pé, "Ta ló takò ó?" Gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ tí ewé kan já.

Mo bẹ Màmá pé kí ó jẹ́ kí n dúró. Ó rẹ́rìn-ín. "O máa wá. Ṣùgbọ́n ìkéde ń bẹ lọ́jọ́ Àìkú."

Ìyàwó mi ló jí mi. "Bàbá Wọlé, kí ni ẹ ń takò? Ẹ ti pariwo 'Mo takò ó' títí ohùn yín fi há!"

Ẹ̀yin ará, ohùn mi ló ń pariwo rẹ̀. Ẹnu tèmi yìí. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Pásítọ̀ ti ń ṣí ìwé rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn, Ẹ̀bùnolú ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, níbi tí Màmá Dọ́káàsì máa ń jókòó sí. Bí Pásítọ̀ bá béèrè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dìde, ẹ má kùn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ewé tó ń já.

Èmi ti jókòó.